Bàbá Oòrùn Ìbẹ́ṣẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ dìde dúró ná. Ẹni tí mo fẹ́ dárúkọ rẹ̀ yìí kì í ṣe ẹni tí ènìyàn ń jókòó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Olóyè Onímọ̀-ẹ̀rọ Adélàjà Mojúbàolú, Alága Àjọ Ilé Olóòrùn, Bàbá Oòrùn, Ìmọ́lẹ̀ Ìkòròdú, Àtùpà Ẹ̀pẹ́, Ọ̀tá Òkùnkùn. Orúkọ rẹ̀ kò tíì tán o, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ ti ń ro yín. Ẹ jókòó.

Ẹ má bi mí léèrè ibi tí Alága ti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Èmi náà ti béèrè rí. Ohun tí àwọn tí wọ́n jọ dàgbà ní Ẹ̀pẹ́ sọ fún mi ni pé nígbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ó tú rédíò bàbá rẹ̀ palẹ̀ láti tún un ṣe. Rédíò náà kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí bàbá fi kú.

Ní ọdún 2007, wọ́n fi Olóyè jẹ alága àjọ tuntun kan tí yóò kọ́ ogójì ilé sí Ìbẹ́ṣẹ̀, létí ọ̀sà, nítòsí Ìkòròdú. Wọ́n pe ibẹ̀ ní Ìlú Oòrùn. Wọ́n ní àwọn ilé náà kò ní lo iná ìjọba rárá. Oòrùn ni yóò máa tan gílóòbù, oòrùn ni yóò máa yí fáànù, oòrùn ni yóò máa mú omi tutù nínú fíríìjì. Ọ̀rọ̀ náà dùn, n kò ní purọ́ fún yín. Wáyà iná ńláńlá ń gba orí àwọn ará ibẹ̀ kọjá lọ síbòmíràn, àwọn tó ń gbé abẹ́ wáyà sì ń fi àbẹ́là jẹun alẹ́. Ta ni wọ́n máa sọ fún nínú wọn pé oòrùn á tan iná fún un, tí kò ní sún mọ́ tòsí kó gbọ́ dáadáa?

Ohun tí Alága kọ́kọ́ ṣe lórí àga ni pé ó dìde lórí àga, ó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ó ní kò yẹ kí òun máa ta oòrùn tí òun kò mọ̀ dénú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ sí ìlú òyìnbó láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa oòrùn, láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kìíní, nígbà tí yìnyín ń bọ́ níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fojú kan oòrùn. Ó mú ìyàwó rẹ̀ lọ nígbà àkọ́kọ́, ó mú un lọ nígbà kejì. Ẹni tó mú lọ nígbà kẹta, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi máa padà pẹ̀lú kóòtù onírun mẹ́rin, owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún bátìrì àti ẹ̀rọ tó ń sọ agbára oòrùn di iná ilé ti bá yìnyín yọ́.

Páńẹ̀lì dé ṣá. Méjìlá péré ni, èyí tó tó fún ilé kan ṣoṣo, ilé àfihàn tí wọ́n fẹ́ máa mú àwọn oníbàárà wọ̀. Tìrìmísíyù, oníṣẹ́ iná àjọ náà, ọmọ Ìpakòdò, ló kàn wọ́n mọ́ orí òrùlé. Ó sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà, ó nu òógùn ojú, ó sì lọ bá Alága ní ọ́fíìsì. Jọláolúwa, akọ̀wé ìpolówó, wà níbẹ̀ tó ń ya àwòrán Alága pẹ̀lú fóònù rẹ̀.

“Sà, mo ti kan páńẹ̀lì tán o,” ni Tìrìmísíyù wí. “Ó ku bátìrì àti ẹ̀rọ ọ̀hún. Láìsí wọn, ọ̀ṣọ́ lásán ló wà lórí òrùlé yẹn, sà.”

Alága bọ́ dígí dúdú ojú rẹ̀. Inú ilé ló ti máa ń wọ̀ ọ́, nítorí ó ní bí òun bá ti ń ronú nípa oòrùn, ìmọ́lẹ̀ máa ń pọ̀ jù lójú òun.

“Tìrìmísíyù.”

“Sà.”

“Oòrùn tó ti ń ràn láti ayé Ádámọ̀, bátìrì mélòó ló ti lò?”

“Sà, ìyẹn yàtọ̀ sí—”

“Mo ní bátìrì mélòó? Ṣé Ọlọ́run Ọba lọ sọ́jà lọ ra bátìrì ni?”

“Háà!” Jọláolúwa pàtẹ́wọ́, ó fò sókè díẹ̀. “Ọ̀rọ̀ ńlá, sà! Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀.”

Ó kọ ọ́ sílẹ̀ lóòótọ́. Ó wà lójú ewé kejì ìwé ìpolówó wọn, ní lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà: OÒRÙN WA KÒ NÍLÒ BÁTÌRÌ.

Ṣùgbọ́n ilé àfihàn gbọ́dọ̀ níná kí wọ́n tó lè fi hàn. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n pàṣẹ fún Tìrìmísíyù pé kó fa wáyà láti orí òpó iná tó wà lẹ́yìn ilé ẹja Fàlílátù, kó rì í mọ́lẹ̀, kó gbé e gba ẹ̀yìn wọ ilé àfihàn. “Fún ìgbà díẹ̀ ni,” ni Alága wí, “títí oòrùn á fi mọ̀nà.” Fàlílátù yìí ń ta ẹja tútù, ó ní yàrá dídì ńlá nínú ọgbà rẹ̀, ọgbà náà sì ni wáyà máa gbà kọjá. Kó má baà sọ̀rọ̀, wọ́n fi í jẹ Ìyálóde Oòrùn, wọ́n sì gbé sáàṣì, aṣọ oyè gbọọrọ aláwọ̀ ìyeyè kan, kọ́ ọ lọ́rùn. Obìnrin náà dúpẹ́, ó délé, ó fi sáàṣì so ẹnu àpò yìnyín.

Ẹ wá gbọ́ òfin wàyí. Òfin kìíní ní Ìlú Oòrùn ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí agbòòrùn, nítorí ìwà àrífín ni sí oòrùn. Àwọn bíríkìlà ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án gangan, orí wọn ń hó, ẹni tó bá fi páálí borí, wọ́n á gé owó ọjọ́ rẹ̀. Òfin kejì ni pé bí Alága bá ti wọlé, gbogbo òṣìṣẹ́ á dìde, wọ́n á kígbe pé, “Oòrùn yọ!” Alága á gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, á ní, “Mo yọ.” Wọ́n ń ṣe é lọ́jọ́ òjò, wọ́n ń ṣe é lọ́jọ́ ọyẹ́. Nígbà tí òjò kan rọ̀ gan-an lọ́jọ́ tí àwọn oníròyìn fẹ́ wá, Alága kọ ìwé sí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì pé kó ṣàlàyé bí òjò ṣe wọlé.

Òfin kẹta ló le jù. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe “Népà” ní àyíká Alága. Ìjọba fúnra rẹ̀ ti yí orúkọ yẹn padà, ṣùgbọ́n ẹnu wa kò tíì gbà. Alága ní ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ iná ìjọba kó sọ pé “àwọn ará ọ̀hún”. Taipísì kan ń ṣiṣẹ́ lọ lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ìyẹn kú fìn-ín, ọmọbìnrin náà ṣèèṣì ní, “Népà ti mú iná lọ o!” Wọ́n ní kó lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Láti ọjọ́ náà ni jẹnẹrétọ̀ ńlá kan ti ń ké lẹ́yìn ọ́fíìsì Alága láti àárọ̀ dalẹ́. Wọn kò pè é ní jẹnẹrétọ̀ o. Àbúrò Oòrùn ni wọ́n ń pè é.

Mo rí i pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ẹ̀rín fún.

Bísọ́lá ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Màrínà. Òun àti Tàófíìkì ọkọ rẹ̀ ń gbé ilé àyágbé ní Ìkòròdú, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni wọ́n sì ń jáde lójoojúmọ́. Ìyá rẹ̀, Àlájà Ṣẹ̀rífátù, wà lọ́dọ̀ wọn. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ pọ́nńbélé ni màmá náà, ó ti ta ẹja lórí ọ̀sà fún ọgbọ̀n ọdún kí ìtọ̀ ṣúgà tó dá a jókòó. Abẹ́rẹ́ ló ń gbà lójoojúmọ́, oògùn abẹ́rẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ wà ní tútù. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ nínú fíríìjì tí kò ríná fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin. Lẹ́ẹ̀kejì, màmá dákú sí bálùwẹ̀. Dókítà sọ fún Bísọ́lá ní gbangba pé bí ó bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, kó má gbé ìyá rẹ̀ wá bá òun mọ́, kó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn ààfáà.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí ìwé ìpolówó Ìlú Oòrùn kan Bísọ́lá lọ́wọ́, tó rí àwòrán fíríìjì tí oòrùn ń rẹ́rìn-ín lórí rẹ̀, ìrètí sọ lọ́kàn rẹ̀. Òun àti Tàófíìkì ta ilẹ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n ní ní Ìjẹ̀dé, wọ́n sì fi owó tí wọ́n ti ń dá ní ibi iṣẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án kún un. Bí ilé yìí bá jẹ́ òtítọ́, ìyá rẹ̀ á yè. Bí kì í bá ṣe òtítọ́, kò sí ilẹ̀ mìíràn láti tà.

Ọjọ́ Sátidé kan ni òun àti ìyá rẹ̀ lọ wo ilé àfihàn. Àlájà gbé fúláàsì yìnyín tí oògùn rẹ̀ wà nínú rẹ̀ dání, nítorí kì í fi í sílẹ̀ níbì kankan.

“Ẹ káàbọ̀ sí ọjọ́ iwájú, Màmá!” Jọláolúwa dọ̀bálẹ̀ fẹ̀.

“Ẹ ṣé o. Níbo ni àga wà ní ọjọ́ iwájú yín? Orúnkún ń dùn mí.”

Jọláolúwa sáré gbé àga wá. Ó tan gílóòbù, ó pa á, ó tún tan án. Ó tan fáànù. Ó wá ṣí fíríìjì bí ẹni tó fẹ́ fi ìyàwó han ènìyàn, ó bu omi fún màmá.

“Ẹ mu ún wò, Màmá. Oòrùn ló mú un tutù.”

“Oòrùn tó ń gbóná yìí?”

“Òun náà ni, Màmá.”

“Ó mà yàtọ̀ sí ti Ẹ̀pẹ́ o. Tiwa ńbẹ̀, ẹja ló máa ń bà jẹ́.” Màmá mu omi náà, ó nu ẹnu. “Tí oòrùn bá wá wọ̀ ńkọ́?”

“Tí oòrùn bá wọ̀, Màmá, ẹ̀yin náà á ti sùn.”

“Oògùn mi kì í sùn.”

Jọláolúwa rẹ́rìn-ín. Bísọ́lá kò rẹ́rìn-ín. Ó sún mọ́ ọn.

“Ọ̀gbẹ́ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn tààrà. Tí mo bá gbé abẹ́rẹ́ màámi sínú fíríìjì yìí nírọ̀lẹ́, ṣé màá bá a ní tútù láàárọ̀?”

Jọláolúwa gbójú sókè wo àwòrán Alága tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri. “Olóyè ti fi orúkọ ara wọn dúró fún un,” ló wí.

Bísọ́lá ti ọwọ́ bọ inú fíríìjì, kò sì yọ ọ́. Ó ti pẹ́ tó ti fọwọ́ kan inú fíríìjì tó tutù tó bẹ́ẹ̀. Omijé lé sí i lójú, ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n má baà rí i. Ìyá rẹ̀ rí i, kò béèrè nǹkan kan mọ́. Tìrìmísíyù dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ṣúkúrúdíráfà lọ́wọ́, ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ mẹ́ta, ó sì ní Alága. Ó wolẹ̀.

Ọjọ́ ìṣílé pé. Oṣù Kejì ọdún 2009 ni, oòrùn ọjọ́ náà mú débi pé ènìyàn kò lè fọwọ́ kan géètì. Ọlọ́run sì tún wá fi àánú hàn, iná ti wà láti ìdájí, èyí tí àwọn ará àdúgbò kò lè ṣàlàyé. Fáànù ńlá mẹ́fà ń fẹ́ lábẹ́ àtíbàbà, ẹ̀rọ gbohùngbohùn mẹ́jọ ń kọrin. Jọláolúwa ń lọ káàkiri, ó ń sọ fún oníkálukú pé oòrùn ló ń ṣe gbogbo ẹ̀. Aṣojú ìjọba kan jókòó níwájú, ó wọ fìlà gígùn. Bísọ́lá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ lórí ìlà kejì pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀kì nínú báàgì. Òun ni oníbàárà àkọ́kọ́.

Alága gba máìkì. Agbádá rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ wúrà, wọ́n ya oòrùn sí i láyà, wọ́n ya òmíràn sí i lẹ́yìn, kí ẹni tó bá wà lẹ́yìn má baà pàdánù.

“Ẹ̀yin ènìyàn mi! Nígbà tí Ọlọ́run dá oòrùn tán, ó ní ta ni òun máa fà á lé lọ́wọ́? Ó wo Amẹ́ríkà, ó mirí. Ó wo Jámánì, ó mirí. Ó wá wo ìhà Ìkòròdú…”

“Ó rí yín, sà!” ni Jọláolúwa kígbe.

“Má já mi lẹ́nu. Ó rí mi.”

Àtẹ́wọ́ bú jáde. Mo fẹ́ kọ ìyókù ọ̀rọ̀ náà síbí fún yín, ṣùgbọ́n wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú ni, ẹ̀yin náà sì ní iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe. Nígbà tó parí, ó kéde ètò tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni kò ní san owó ilé fún kaṣíà bí ẹni ń ra sìmẹ́ńtì. Oníbàárà á bọ́ síta, á gbé ṣẹ́ẹ̀kì rẹ̀ sókè han oòrùn, òun Alága á ka ení dé èje, lẹ́yìn náà ni yóò fi lé òun lọ́wọ́.

Wọ́n pe Bísọ́lá. Ó jáde, ó dúró nínú oòrùn, ó gbé ṣẹ́ẹ̀kì náà sókè.

“Ẹ dúró ná, Madaamu,” ni Alága wí. “Kí ẹ tó fi owó han oòrùn, oòrùn náà á kọ́kọ́ fi agbára han yín. Tìrìmísíyù! Ṣí gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí o sì tan éèsì amúlétutù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tó wà nínú ilé àfihàn! Mo fẹ́ kí òtútù jáde wá bá àwọn àlejò mi níbi tí wọ́n jókòó sí!”

Tìrìmísíyù sáré wá sétí rẹ̀. “Sà, ó máa wúwo jù fún fíúùsì orí òpó.”

Alága fọwọ́ bo máìkì. “Òpó wo? Àwa ò ní òpó. Lọ tan án.”

Tìrìmísíyù lọ tan án. Alága bẹ̀rẹ̀ sí í kà, gbogbo èrò sì ń bá a kà á. “Ení! Èjì! Ẹ̀ta! Ẹ̀rin!”

Gbàù! Nǹkan bú lẹ́yìn ilé ẹja Fàlílátù. Orin dákẹ́. Fáànù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà rọra ń dẹwọ́, dẹwọ́, wọ́n dúró. Máìkì kú sẹ́nu Alága. Yàrá dídì Fàlílátù tó ti ń kùn láti àárọ̀ dákẹ́ lẹ́sẹ̀ kan náà. Gbogbo ènìyàn gbójú sókè wo òrùlé, wọ́n wo ojú ọ̀run. Oòrùn wà níbẹ̀ gbọnrangandan, kò sí ìkùukùu kan.

“Ẹ má mikàn!” Ohùn Alága ti kéré gan-an láìsí máìkì. “Oòrùn ń mí ni. Ó ti ṣiṣẹ́ láti àárọ̀. Madaamu, ẹ má gbé ọwọ́ sílẹ̀ o! Bí ẹ bá gbé e sílẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ la máa padà sí.”

Bísọ́lá kò gbé e sílẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá. Aṣojú ìjọba ń fi ìwé ìpolówó fẹ́ ara rẹ̀, ó ti ṣí fìlà. Àwọn tó wà lẹ́yìn rí ọkùnrin kan tó ń gun òpó pẹ̀lú páláyà lẹ́nu, wọ́n ń fi ìgúnpá gún ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Òógùn ń ṣàn wọ Bísọ́lá lójú, apá rẹ̀ ti ń kú.

“Bísọ́lá, sọ ọwọ́ kalẹ̀,” ni ìyá rẹ̀ pè é. “Wàá rọ lápá.”

“Màámi, ẹ jẹ́ kí n ṣe é, ẹ jọ̀ọ́.”

Kì í ṣe pé ó gọ̀. Ó ti ń fura láti ìgbà tí fáànù ti dúró. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí ó jẹ́ òtítọ́, ó sì gbà pé bí òun bá ṣáà lè gbé ọwọ́ náà dúró, ilé náà á dúró.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó lé díẹ̀. Iná dé.

Wàyí o, ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní ilẹ̀ yìí, ẹ ò nílò àlàyé mi. Ẹ mọ ohun tí ẹnu máa ń ṣe bí iná bá dé. Kò sí ẹni tó kọ́ wa ní ilé ìwé. Ọmọ tí kò tíì lè pe ìyá rẹ̀ mọ̀ ọ́n sọ, àgbàlagbà tó wà ní ilé ìgbẹ́ á sọ ọ́ láti ibẹ̀. Ènìyàn kì í rò ó kó tó sọ ọ́.

Àwọn ọmọ ọgbà Fàlílátù ló kọ́kọ́ ké e. “Ọ́ọ́pù Népà!” Àdúgbò gbà á. Abẹ́ àtíbàbà gbà á, àwọn oníbàárà, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, taipísì tí wọ́n lé lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Aṣojú ìjọba dìde sókè díẹ̀ lórí àga, òun náà ti la ẹnu. Ṣùgbọ́n ohùn kan borí gbogbo wọn, nítorí máìkì ti jí, ó sì wà lẹ́nu rẹ̀ gan-an. Olóyè Onímọ̀-ẹ̀rọ Adélàjà Mojúbàolú ju ọwọ́ tó ṣófo sókè, agbádá fò, inú rẹ̀ dùn bí ọmọ ọlọ́dún mẹ́fà, ó kígbe pẹ̀lú gbogbo èémí tó wà níkùn rẹ̀:

“ỌỌ́Ọ́PÙ NÉÉÉPÀ!”

Gbohùngbohùn mẹ́jọ gbé e lọ sórí ọ̀sà. Àwọn apẹja tó wà nínú ọkọ̀ dáhùn láti ibẹ̀.

Lẹ́yìn náà, gbogbo ojú yí sí i. Alága ti gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè, kò mọ ohun tó máa fi ṣe. Jọláolúwa nìkan ni kò tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àtẹ́wọ́ ti mọ́ ọn lára, ó pàtẹ́wọ́. “Ọ̀rọ̀ ńlá, sà! Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀.”

Bísọ́lá sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

“Olóyè, ẹ jọ̀ọ́, ta ni ẹ̀ ń kí?”

“Mo… oòrùn ni mò ń kí, Madaamu.”

“Oòrùn ò lọ síbì kankan, sà. Ó wà lórí wa níbí láti àárọ̀. Ta ló lọ, tó wá dé?”

Alága wo Jọláolúwa. Jọláolúwa ń wo bàtà ara rẹ̀. Tìrìmísíyù ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ilé ẹja, gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti dúdú fún ìdọ̀tí òpó. Àlájà Ṣẹ̀rífátù dìde, ó gbá fúláàsì rẹ̀ mọ́ àyà, ó pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà.

“Ọmọ mi, níbo lo ti ń bọ̀?”

Tìrìmísíyù wo Alága. Ó wo fúláàsì náà. Ó ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ tí màmá ti wá wo ilé, kò sì sùn dáadáa láti ọjọ́ náà.

“Orí òpó ni, Màmá. Kò sí bátìrì nínú ilé yẹn. Iná ìjọba ni mo rì gba ọgbà ẹlẹ́ja wọlé. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sanwó o, ẹ dárí jì mí.”

Ẹ̀rín bú lábẹ́ àtíbàbà. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di àga mú. Taipísì rẹ́rìn-ín títí ó fi sunkún. Bísọ́lá ká ṣẹ́ẹ̀kì rẹ̀ sí mẹ́rin, ó fi í sínú báàgì, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú oòrùn níbẹ̀, ó ń sunkún. Kò sunkún ayọ̀ pé owó òun yè. Ilé kan wà tó ti ń gbé lọ́kàn rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta, ó ti to àga sí i, ó ti gbé oògùn ìyá rẹ̀ sínú fíríìjì rẹ̀. Ilé náà ló wó.

Fàlílátù ló gbé e dìde. Ó wo ìyá àti ọmọ, ó ní, “Àlájà, ẹ̀yin náà ta ẹja rí. Ẹ mọ̀ pé yìnyín kì í wọ́n nílé ẹlẹ́ja. Ẹ máa rán ènìyàn wá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, títí Ọlọ́run á fi ṣe ọ̀nà.” Ó kó yìnyín kún kúlà kan fún wọn. Kúlà náà kò ní ìdérí tó dáa, ó bá fi sáàṣì Ìyálóde Oòrùn dì í pinpin.

Ní Mọ́ńdè, Alága wọ ọ́fíìsì. Kò sí ẹni tó dìde. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó fún wọn ní àyè. “Mo yọ,” ló wí fúnra rẹ̀ nígbà tó yá. Lẹ́yìn náà ni Àbúrò Oòrùn jẹ epo tán, ó sì kú, taipísì na ọrùn gba ojú fèrèsé, ó pariwo kí gbogbo ọgbà lè gbọ́ pé, “Népà ti mú iná lọ o!” Alága kò lè lé e lọ sílé, nítorí ìwé tó lé òun fúnra rẹ̀ lọ sílé ti wà lórí tábìlì. Ìgbìmọ̀ olùwádìí bi í léèrè bátìrì, ó kó kóòtù onírun mẹ́rin wá. Jọláolúwa, ní tirẹ̀, ti ń kọ orúkọ oríyìn alága tuntun sílẹ̀. Wọ́n ní ẹni yẹn fẹ́ràn afẹ́fẹ́.

Tìrìmísíyù náà pàdánù iṣẹ́. Lóṣù kejì lẹ́yìn náà, ó wá sílé Bísọ́lá pẹ̀lú páńẹ̀lì kan ṣoṣo tí Bísọ́lá rà, ó fẹ́ gbé e sórí òrùlé. Àlájà ní rárá o, kó kọ́kọ́ gbé bátìrì wá kí òun fojú rí i. Ó gbé e wá. Màmá gbé ọwọ́ lé e, ó gbá a pẹ́pẹ́, ó ní, “Máa gun òrùlé lọ wàyí.” Fíríìjì kékeré náà kò gba ju oògùn àti ike omi méjì lọ. Nígbà tí mo kọ́wọ́ lé ìtàn yìí, màmá ṣì ń bá àwọn ẹlẹ́ja Ìpakòdò jà lórí iye tí wọ́n ń ta ẹja.

Ẹ̀pẹ́ ni Olóyè Adélàjà padà sí. Ọ̀sán ló máa ń jókòó síwájú ilé rẹ̀, lábẹ́ agbòòrùn aláwọ̀ dúdú ńlá kan, nítorí ó ní oòrùn ń fọ́ òun lórí. Àwọn ará àdúgbò ń kí i, wọn kò ṣe àrífín sí i. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣe. Bí iná bá dé, àdúgbò á kígbe bí wọ́n ti ń kígbe láti ọjọ́ tó ti pẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n á dákẹ́ lójijì, ọmọ àti àgbà, wọ́n á yíjú sí iwájú ilé Olóyè, wọ́n á sì tẹ́tí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, iná dé lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá. Wọ́n kígbe. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n yíjú. Olóyè ti la ẹnu, ó ti fa èémí sínú, ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ọwọ́ kan kò tó láti dí i. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, agbòòrùn bọ́ sílẹ̀, oòrùn sì wọ̀ ọ́ lójú.